Ẹran Ọ̀sìn Láàrin Agbo Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ wa ní Ìdèrè

 

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ńlá lójú ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ ni, àti ti àgùntàn, adìẹ àti ẹlẹ́dẹ̀ tí a ń sìn láàrin ilé. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ti jókòó níbi tí baálé gbé ń parí ìjà mọ̀ pé ewúrẹ́ kan tí ó jẹ èlùbọ́ ẹlẹ́lùbọ́ lè sọ ọmọ ìyá méjì di ọ̀tá. Ìlú wa ń gbòòrò, ilé ń sún mọ́ ilé, ó sì ti di dandan kí a ní òfin lórí ọ̀ràn yìí. Àwọn kan wí pé kí a lé gbogbo ẹran kúrò láàrin ìlú. Àwọn mìíràn wí pé bí a ti bá a ni kí a fi í sílẹ̀. Èyí ni ohun tí àwa ń wí: kí òfin má ṣe mú ẹnikẹ́ni nítorí pé ó ń sin ẹran, bí ó ti ń sìn ín ni kí òfin bójú tó.

Àwọn baba wa kò wà láìní òfin. Oko jìnnà, ẹran wà nílé. Iṣu àti àgbàdo sì wà lókèèrè níbi tí ẹnu ewúrẹ́ kò tó. Ẹni tí ó bá gbin ẹ̀fọ́ sí ẹ̀yìnkùlé a ṣe ọgbà yí i ká. Olúkúlùkù mọ ẹran tirẹ̀ nípa etí tí a gé tàbí àkísà tí a so mọ́ ọrùn. Bí ẹran bá ba nǹkan jẹ́, baálé ni yóò gbọ́ ẹjọ́ náà, nítorí ẹni tí ó ni ẹran àti ẹni tí ó ni èlùbọ́ jọ ń jẹ́ orúkọ agbo ilé kan náà. Ìlànà yìí dára fún ìgbà tirẹ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, orí pulọ́ọ̀tì ni a ń kọ́lé sí. Ayálégbé kò mọ baálé. Kànga wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Mọ́tò àti alùpùpù sì ń sáré lójú ọ̀nà tí àgùntàn ń sùn sí. Adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbọ́ ti ẹni tí ń sin ẹran. Ewúrẹ́ kúkúrú ilẹ̀ wa yìí kì í ṣe ẹran yẹpẹrẹ. Àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri, tí ó ń pa màlúù, ewúrẹ́ yìí a máa fara dà á. Oyún oṣù 5 ni oyún rẹ̀, ó sì máa ń bí ju ẹyọ kan lọ. Obìnrin tí kò ní ilẹ̀ oko lè ní abo ewúrẹ́. Ó sì lè gbà á sìn lọ́wọ́ ẹlòmíràn kí wọn jọ pín ọmọ rẹ̀. Èèpo ẹ̀gẹ́ tí ì bá jẹrà ni ó fi ń bọ́ ọ. Nígbà tí owó ilé-ẹ̀kọ́ bá dé, tàbí tí àìsàn bá wọlé, ẹran ni a ń fà lọ sí ọjà. Ẹni tí ó bá ní kí a lé gbogbo ẹran kúrò ní ìlú, kí ó mọ̀ pé àpótí owó opó ni ó ń fẹ́ gbé sọnù.

Ẹ jẹ́ kí a gbọ́ ti aládùúgbò pẹ̀lú. Ìgbẹ́ ẹran tí òjò bá gbá wọ inú kànga a máa fa àìsàn inú fún àwọn ọmọdé. Ẹlẹ́dẹ̀ tí ó ń jẹ̀ káàkiri a máa gbé jìgá. Ìsìn àwọn mìíràn nínú wa sì kọ̀ ọ́ pátápátá. Ní oṣù Kejì 2006, àìsàn adìẹ tí a ń pè ní H5N1 bẹ́ sílẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Kaduna, ìgbà àkọ́kọ́ tí a óò rí i ní Áfíríkà. Ní ọdún kejì ó pa obìnrin kan ní Èkó. Nítorínáà, ẹni tí ó ń bá adìẹ sùn nínú yàrá kan náà kò ṣe é fún ara rẹ̀ nìkan. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Báwo ni àwọn ẹlòmíràn ti ṣe é? Nínú òfin ìlera ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1875, ẹran tí a bá sìn lọ́nà tí ó ń ni àwọn ènìyàn lára tàbí tí ó lè ba ìlera jẹ́ ni òfin mú. Kò mú gbogbo ẹran. Ní 1950, wọ́n tún ṣe òfin mìíràn tí ó fún ẹni tí ó ń gbé inú ilé láyè láti sin adìẹ àti ehoro fún ìlò ilé rẹ̀, bí ìwé ilé tilẹ̀ sọ pé kí ó má sìn wọ́n. Ṣùgbọ́n òfin náà yọ àkùkọ sílẹ̀, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún òwò. Ẹ kíyè sí i bí wọ́n ti pààlà sáàrin abo àti akọ, sáàrin oúnjẹ ilé àti ọjà. Ní ilẹ̀ wa, Òfin Ìlera ti 1917 wà, a sì mọ àwọn wolé-wolé. Nínú Ìwé Òfin Ńlá ti 1999, ìjọba ìbílẹ̀ ni a fi àkóso ẹran ilé àti rínrìn wọn lé lọ́wọ́. Nítorínáà ọ̀dọ̀ Ìjọba Ìbílẹ̀ Àárín Gbùngbùn Ìbàràpá ní Igbó-Ọrà ni ọ̀ràn yìí yóò dé.

Ìdèrè kò tilẹ̀ nílò láti wá àpẹẹrẹ lókèèrè. Gbogbo wa mọ ohun tí sòbìà fi ojú ìlú yìí rí. Ní àwọn ọdún 1980, nígbà tí àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Ìbàdàn àti àwọn ará ìlú wa jọ gbógun tì í, kò sí ẹni tí ó ní kí ènìyàn má mu omi. Wọ́n kọ́ wa bí a ti ń fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ní 2013, a jẹ́rìí pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe nǹkan ni a yí padà, a kò fi ohun kòṣeémáànì du ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí ó kan ẹ̀rí ọkàn wa. Ní 2019, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ṣe òfin tí ó kọ dída màlúù káàkiri. Ìbàràpá yọ̀ sí i, nítorí ojú wa ti rí púpọ̀, àti kí òfin náà tó dé àti lẹ́yìn rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Ìgàngàn ní oṣù Kẹfà 2021 kò tíì kúrò lọ́kàn ẹnikẹ́ni. A ní kí darandaran so ẹran tirẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ó má baà jẹ ẹ̀gẹ́ wa. Ó dára. Ǹjẹ́ ewúrẹ́ tiwa tí ó ń jẹ èlùbọ́ opó ńkọ́? Òfin tí a bá fẹ́ kí àlejò pa mọ́, kí onílé kọ́kọ́ pa á mọ́.

Ohun tí a ń dá lábàá nìyí. Èkínní, kí a pààlà sáàrin ọ̀sìn ìdílé àti ọ̀sìn òwò. Ewúrẹ́ mélòó kan àti adìẹ mélòó kan lè wà nínú agbo ilé. Ẹni tí ó bá fẹ́ sin ọgọ́rùn-ún adìẹ tàbí ọ̀wọ́ ẹlẹ́dẹ̀, kí ìlú fún un ní àyè lẹ́yìn odi. Èkejì, kí ẹran ní ilé tirẹ̀, kí ó má sún mọ́ kànga ju 30 mítà lọ, bí a ti ń wí fún ṣáláńgá. Kí a máa gbá ìgbẹ́ rẹ̀, kí a sì kó o lọ sí oko, nítorí àgbàdo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀kẹta, kí adìẹ tí ó bá ṣàdédé kú má ṣe di ohun jíjẹ tàbí ohun tí a jù sódò. Kí a bò ó mọ́lẹ̀, kí a sì sọ fún dókítà ẹran. Ẹ̀kẹrin, kí olówó ẹran san ohun tí ẹran rẹ̀ bà jẹ́. Ọgbọ́n òfin Mósè wà níhìn-ín: akọ màlúù tí ó kàn ènìyàn pa lójijì kò di ẹ̀bi olówó rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá ti kìlọ̀ fún un tí kò sé e mọ́, ẹ̀bi di tirẹ̀. Kí baálé kọ́kọ́ kìlọ̀, lẹ́yìn náà kí ìtanràn tẹ̀ lé e.

Ẹnìkan yóò wí pé, bí a bá sé ewúrẹ́ mọ́lé, kí ni yóò jẹ? Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ní àwọn ọdún 1980, àwọn onímọ̀ ILCA ní Ìbàdàn gbin agúnmaniyè ní ìlà láàrin ohun ọ̀gbìn, wọ́n sì ń gé ewé rẹ̀ fún ewúrẹ́. Igi yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ẹ̀ka rẹ̀ tí a bá gún mọ́lẹ̀ a máa hù, ó sì lè di ọgbà àti oúnjẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Pẹ̀lú èèpo ẹ̀gẹ́ tí a sá gbẹ, ewúrẹ́ kò ní kú.

Nítorínáà, a bẹ Kábíyèsí àti ìgbìmọ̀ pé kí a pe àwọn baálé, Ìyálọ́jà, àwọn tí ń sin ẹran àti àwọn wolé-wolé jọ, kí a kọ òfin yìí ní èdè tí gbogbo ènìyàn gbọ́. Kí akígbe ké e kiri, kí a sì fún ènìyàn ní àkókò láti kọ́ ilé ẹran kí a tó bu ìtanràn lé ẹnikẹ́ni. Òfin tí ó bá bá opó lójijì, ìjà ni yóò bí. Èyí tí opó bá mọ̀ ṣáájú, òun fúnra rẹ̀ ni yóò máa ṣọ́ ọ.