Ṣé Iṣẹ́ Ìyanu Lè Jẹ́ Ẹ̀rí fún Ìjọ Àgùdà?

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí èyí: bí iṣẹ́ ìyanu bá ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn Àgùdà, ṣé ó fi hàn pé ìjọ wọn ló ni òtítọ́?

Ẹ jẹ́ ká mú ti Fadá Tansi, ọmọ Aguleri, tó kú nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964. Nígbà tí wọ́n gbé òkú rẹ̀ padà wá sí Onitsha ní 1986, ọmọbìnrin kan tí kókó wà nínú ikùn rẹ̀ fọwọ́ kan pósí náà. Wọ́n ní ara rẹ̀ yá. Ìjọ ò kàn pàtẹ́wọ́ o. Wọ́n wádìí rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn dókítà, ọdún gorí ọdún, kí Póòpù John Paul Kejì tó wá kéde Tansi ní Ẹni Ìbùkún ní Oba, nítòsí Onitsha, lọ́jọ́ 22 oṣù kẹta, 1998. Ní Lourdes, nílẹ̀ Faransé, láti 1858, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ló ní àwọn rí ìwòsàn. Èyí tí Ìjọ fọwọ́ sí kò tó 80. Ká sọ tòótọ́, ìyẹn kì í ṣe ìwà ẹlẹ́tàn.

Ṣùgbọ́n àwa ńkọ́? Nílé wa níbí, ní Ìlobùú, mélòó ni wọ́n ní Erinlẹ̀ ló fi ta ìyá wọn lọ́rẹ? Àwọn tó ń sin Òrìṣà Olúfọ́n ní Ifọ́n náà ní ìtàn tiwọn. Ní 1930, nígbà tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá ń gbàdúrà ní Òkè-Ooye, Iléṣà, tí èrò ń wọ́ tọ̀ ọ́ lọ fún ìwòsàn, kì í ṣe Àgùdà. Ó dà bí ẹjọ́ ilẹ̀ (ẹ dákun, mo mọ̀ pé a kì í fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ṣeré láàárín wa): kò sí ìdílé tí kì í mú ẹlẹ́rìí tirẹ̀ wá sí kóòtù.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ Àgùdà ní tiwọn ni dókítà yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n dókítà lè sọ pé òun ò mọ ohun tó wo aláìsàn sàn; kò lè dárúkọ ẹni tó wò ó. Ìjọ fúnra rẹ̀ ò sì fi dandan mú ọmọ ìjọ kó gba ti Lourdes gbọ́.

Ọmọ mi obìnrin sọ lọ́dún tó kọjá pé òun fẹ́ di Àgùdà nítorí ẹ̀rí ìwòsàn tóun gbọ́. Mo ní kó lọ kọ́ katikísìmù wọn fún ọdún kan ná. Bí ohun tí wọ́n gbà gbọ́ bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó wọlé, kódà bí ẹnikẹ́ni ò bá rí ìwòsàn. Ó ti bẹ̀rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò tíì dárí jì mí.