Ìyẹ̀wù Kì Í Ṣe Ibi Ìkẹ́rùsí

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa bá ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́, ní Ọ̀fà

  

Ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ilé ni mo fi kọ́ ọmọ kí n tó fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, ìyẹ̀wù ni n ó sọ̀rọ̀ lé lórí: ọ̀dà tí à ń kùn ún, pépà tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri rẹ̀, àti aṣọ tí à ń tẹ́ síbẹ̀. Mo rí i tí àwọn kan ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn. Wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ afẹ́ ni. Ẹ fara balẹ̀ ná. Ọ̀rọ̀ ìlera ni, ọ̀rọ̀ owó ni, ó sì tún jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú ilé tí a kọ́, yàrá wo la náwó sí jù? Pálọ̀ ni, àbí? Pálọ̀ ni àlejò ń rí. Àga ibẹ̀ rọ̀ bí òwú, tẹlifíṣàn ibẹ̀ fẹ̀ bíi pátákó ìkọ̀wé kíláàsì wa. Ẹ wá ṣílẹ̀kùn ìyẹ̀wù. Àpótí tó ti ya ló wà níbẹ̀, àti àpò gàrí, àti fáànù tí kò yí mọ́, àti gílóòbù kan ṣoṣo tó ń ṣẹ́jú. Ògiri ti ń dúdú nísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àlejò tó pẹ́ jù ní pálọ̀ kì í lò ju wákàtí 2 tàbí 3. Àwa la ń lo wákàtí 7 tàbí 8 nínú ìyẹ̀wù lálaalẹ́. Tí ẹ bá ṣírò rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ayé wa. Ilé làbọ̀ sinmi oko. Ìyẹ̀wù gan-an ni a ti ń sinmi.

OHUN TÍ ÀWỌN ÌYÁ WA TI MỌ̀ TẸ́LẸ̀

Àwọn kan rò pé òyìnbó ló kọ́ wa ní ṣíṣe ògiri lọ́ṣọ̀ọ́. Rárá o. Kí reluwé tó dé Ọ̀fà ní 1908, kí páànù àti sìmẹ́ńtì tó wọ́pọ̀, ilé alámọ̀ là ń gbé. Ògiri rẹ̀ nípọn, ó sì ń jẹ́ kí yàrá tutù lọ́sàn-án. Àwọn obìnrin ilé ló ń po ìgbẹ́ màlúù mọ́ omi, tí wọ́n fi ń rẹ́ ògiri, tí wọ́n fi ń pa ilẹ̀, kí ó lè dán, kí ó má sì là. Àwọ̀ mẹ́ta ló jẹ́ òpó nínú èdè wa: funfun, pupa, dúdú. A ní ẹfun fún funfun, a ní osùn fún pupa, a sì ní ẹ̀lú tí à ń rẹ fún aró. Àwọn obìnrin ló ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè ní Ilé-Ifẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Ní Tiébélé, ní orílẹ̀-èdè Burkina Faso, àwọn obìnrin Kasena ṣì ń ya ọnà dúdú, funfun àti pupa sára ògiri amọ̀ títí di òní. Tí wọ́n bá yà á tán, omi tí wọ́n fi èèpo èso igi igbá sè ni wọ́n fi ń pa á lára, kí òjò má baà wẹ̀ ẹ́ lọ. Igi igbá yìí kan náà ni à ń rí irú ọbẹ̀ wa lára rẹ̀! Ní 2024, àjọ UNESCO kọ orúkọ ààfin Tiébélé mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Ẹ wo ètò tí àwọn ìyá wọ̀nyí ń tẹ̀ lé. Wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú ògiri, wọ́n á wá kùn ún, wọ́n á tún dáàbò bò ó. Àwa ń bẹ̀rẹ̀ láti òpin. A ra ọ̀dà olówó gọbọi, a kùn ún sórí ògiri tó ń ṣàìsàn.

Ọ̀RINRIN NI KÁ KỌ́KỌ́ GBÉ ṢUBÚ

Wọ́n ní ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ó dáa, ẹni tí a máa kọ́kọ́ bá jà nínú ìyẹ̀wù ni ọ̀rinrin. Òjò wa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹrin, ó ń bá a lọ di oṣù kẹwàá. Tí bíríkìlà kò bá tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ ilẹ̀ nígbà tó ń kọ́lé, omi á máa gba ìpìlẹ̀ gòkè sára ògiri. Tí páànù bá ń jò, omi á gba òkè wá. Tí páìpù ilé ìwẹ̀ tó wà lẹ́yìn ògiri bá ń jò, á gba àárín wá. Ọ̀dà á máa bó bí awọ ejò. Ohun dúdú tó ń hù lára ògiri á máa fọ́n sínú afẹ́fẹ́ tí ẹ ń mí. Ẹni tó ní ikọ́ fée á mọ̀ ọ́n lára. Bí ògiri ò bá lanu, alángbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́.

Ẹ̀yin náà lè yẹ̀ ẹ́ wò láìsan kọ́bọ̀. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́, kó fẹ̀ tó ìwé ìròyìn tí a tẹ́. Ẹ fi téèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ mọ́ ògiri, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá wà lẹ́yìn ọ̀rá, inú ògiri lomi ti ń wá. Ẹ pe bíríkìlà tàbí púlọ́ńbà kẹ́ ẹ tó pe ọlọ́dà. Tó bá jẹ́ pé iwájú ọ̀rá tó kọjú sí yín ló tutù, afẹ́fẹ́ yàrá ló ní ọ̀rinrin. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Tó bá sì jẹ́ ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ ni, ẹ fún un ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 4 kó gbẹ. Ẹni tó ń kánjú kùn ún, ẹ̀ẹ̀mejì ló máa sanwó.

Ọ̀DÀ

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ọ̀dà tí ẹ kò nílò fún yín. Yàrá tó jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 níbùú lóròó, tí ògiri rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 10, tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ògiri tó kù fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 40 níbùú lóròó. Lítà ẹ́mọ́ṣọ̀n kan ń kun nǹkan bíi mítà 10 lẹ́ẹ̀kan lórí ògiri tó dán. Tí ẹ bá kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, lítà 8 ni, ìyẹn gálọ́ọ̀nù onílítà 4 méjì. Tí ọlọ́dà bá béèrè gálọ́ọ̀nù 5, ẹ rọra bi í pé ilé ta ló tún fẹ́ kùn.

Àwọ̀ wo ni ká lò? Yàrá tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń wọ̀, ẹ jẹ́ kó jẹ́ àwọ̀ tó tutù lójú: funfun tó rọ̀, àwọ̀ ojú ọ̀run, tàbí àwọ̀ ewé tí kò dúdú. Yàrá tí ilé mìíràn bò mọ́lẹ̀, tí kì í rí oòrùn, ẹ fún un ní àwọ̀ ẹyin tàbí àwọ̀ ìyeyè tó fẹ́lẹ́. Pupa fòò àti dúdú kirikiri, ẹ fi wọ́n sí ibi kékeré. Àwa tí a ti lé ní 60, ẹ gbọ́ o: ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ ẹyinjú wa báyìí kò tó ìdajì èyí tó ń wọ̀ ọ́ nígbà tí a wà ní 20. Nítorí náà, kí ògiri mọ́lẹ̀, kí fírémù ilẹ̀kùn àti etí bẹ́ẹ̀dì ní àwọ̀ mìíràn tó yàtọ̀ gedegbe, kí ẹsẹ̀ wa má baà kọ nǹkan lóru. Gílọ́ọ̀sì tó ń dán yànrànyànràn ń ta ojú. Fún ilẹ̀kùn ló dára, kì í ṣe fún ògiri ìyẹ̀wù.

Mo ní ohun kan tó wúwo láti sọ níbí. Òjé. Wọ́n ti ń po òjé mọ́ ọ̀dà láti ayébáyé, pàápàá èyí tó pupa àti èyí tó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè. Láti 1921 ni àwọn orílẹ̀-èdè ti ṣe àdéhùn lórí òjé funfun inú ọ̀dà. Amẹ́ríkà fòfin de ọ̀dà olójé nínú ilé ní 1978. Ìwọ̀n tí àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé ń gbà wá nímọ̀ràn báyìí ni pé kó má kọjá ìpín 90 nínú mílíọ̀nù 1. Kò sí ìwọ̀n òjé tó dára fún ọmọdé. Ọpọlọ wọn ló ń bà jẹ́. Ẹ rántí Zamfara ní 2010, níbi tí òjé láti inú òkúta tí wọ́n ń fọ́ láti wá wúrà ti pa ó kéré tán 400 ọmọdé. Iṣẹ́ kùsà nìyẹn, kì í ṣe ọ̀dà, ṣùgbọ́n májèlé kan náà ni. Ẹ ka ara gálọ́ọ̀nù kẹ́ ẹ tó rà á. Tí ẹ bá fẹ́ ha ọ̀dà àtijọ́, ẹ má hà á ní gbígbẹ. Ẹ fi omi rin ín, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ kó àwọn ọmọ ọmọ yín lọ sílé ẹlòmíràn, ẹ sì fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ kí wọ́n tó padà.

PÉPÀ ÒGIRI

Àwọn ọmọ wa fẹ́ràn rẹ̀, ó sì dára lójú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ n sọ ìtàn kékeré kan. Ní 1775, onímọ̀ kan ní Sweden tó ń jẹ́ Carl Scheele ṣe àwọ̀ ewé kan tó rẹwà gidigidi. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Ìlú Ọba kún fún pépà ògiri aláwọ̀ ewé. Ásẹ́níìkì ló wà nínú àwọ̀ náà, májèlé paraku ni, ó sì tún burú sí i níbi tí ògiri bá ti tutù. Pépà òde òní kò ní ásẹ́níìkì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ohun tó rẹwà lójú lè máa pani lára, àti pé ọ̀rinrin kì í ṣe ọ̀rẹ́ pépà.

Róòlù tó wọ́pọ̀ jẹ́ sẹ̀ntímítà 53 níbùú, mítà 10 ní gígùn. Nínú yàrá tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan, róòlù 9 tàbí 10 ni yóò gbà. Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Ẹ fi róòlù 3 lẹ ògiri kan ṣoṣo, èyí tó wà lẹ́yìn orí bẹ́ẹ̀dì, ẹ kun mẹ́ta yòókù lọ́dà. Ẹwà rẹ̀ á yọ dáadáa. Kó má ṣe jẹ́ ògiri tó kan ilé ìwẹ̀ o.

AṢỌ

Níbí ni inú mi ti dùn jù, nítorí a ní aṣọ. Kọ́tìnnì tó wúwo, tó ní irun lára, ń kó eruku ọyẹ́ jọ, ó sì ń dí atẹ́gùn lọ́nà. Àdìrẹ tó jẹ́ òwú dára jù ú lọ. Àwọn ìyá wa ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo ló sọ ọ́ di olókìkí: àdìrẹ oníko, àdìrẹ alábẹ́rẹ́, àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ẹni tó bá ti rí Ìbàdàn Dùn á mọ òpó gbọ̀ngàn Mápó lára rẹ̀. Ọ̀pá 5 tó jẹ́ íǹṣì 45 níbùú á tó fún fèrèsé kan tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4: ẹ gé e sí méjì, kí ìkọ̀ọ̀kan gùn tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 7. Ẹ rán aṣọ funfun sẹ́yìn rẹ̀ kí oòrùn má baà jẹ àwọ̀ rẹ̀. Ẹ dá a fọ̀ lọ́tọ̀, ẹ sá a sí òjìji. Kí nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn sì wà lójú fèrèsé, torí pé ẹ̀fọn kò mọ àdìrẹ.

Orí bẹ́ẹ̀dì ńkọ́? Kíjìpá tí àwọn obìnrin ń hun kì í tètè gbó. Ẹ̀tù, sányán àti àlàárì, ẹ tẹ́ wọn sí ìsàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì tóóró báyìí, ọlá á yọ. Ṣé kò sówó ni? Ẹ lọ ṣí àpótí yín. Mélòó ni aṣọ ẹbí tó wà níbẹ̀ tí ẹ wọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo? Èyí tí a fi sin ìyá, èyí tí a fi gbé ọmọ níyàwó, èyí tí a wọ̀ síbi ìpàdé yìí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn. Ẹ gé wọn, ẹ tò wọ́n pọ̀ fún télọ̀ kó rán wọn di àpò ìrọ̀rí àti aṣọ ìbora. Ẹ ó máa sùn lórí ìtàn ìdílé yín.

TA LÓ Ń SÙN NÍNÚ YÀRÁ YẸN?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ibi tí mo ń bọ̀ rèé. A kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀yìn ìlú, a ń wá síbẹ̀ ní Iléyá àti Kérésìmesì. Ní agboolé àtijọ́, yàrá wo ni ìyá wa ń sùn? Yàrá ẹ̀yìn, tó kéré jù, tó gbóná jù, tí páànù rẹ̀ ń jò. A ń fi owó oògùn ikọ́ ránṣẹ́ sí wọn lóṣooṣù, a kò sì wo ògiri tí wọ́n kọjú sí lóru. Aṣọ ńlá kọ́ lènìyàn ńlá, pálọ̀ ńlá náà kọ́ sì ni ìtọ́jú òbí.

Àwọn olùkọ́ wa ńkọ́? Àwọn tó fi ẹfun kọ́ wa ní lẹ́tà, díẹ̀ nínú wọn ṣì ń bẹ nílùú yìí. A máa ń fún wọn ní àwo àti ìwé ẹ̀yẹ, wọ́n á gbé e kọ́ sára ògiri tó ti hùyà. Ìmọ̀ràn mi ni pé lọ́dún yìí, kí sẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mú olùkọ́ kan. Kí a yẹ ògiri ìyẹ̀wù rẹ̀ wò, kí a tún páànù tó ń jò ṣe, kí a kùn ún, kí a ta kọ́tìnnì tuntun. Gálọ́ọ̀nù ẹ́mọ́ṣọ̀n méjì, ọ̀pá 5 àdìrẹ, owó iṣẹ́ ọlọ́dà fún ọjọ́ kan tàbí méjì. Iye tí à ń ná lórí ọtí àti ẹlẹ́rìndòdò níbi àpèjẹ wa kan ju bẹ́ẹ̀ lọ. Alága, mo ti sọ tèmi, ó kù sọ́wọ́ ilé.

Kí Ọlọ́run jẹ́ ká sùn, ká sì jí ire.