Àwọn Sinimá Àtijọ́ Tí Ọkàn Wa Kò Jọ̀wọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣooṣù wa



Nígbà tí alága ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí sinimá, ẹ̀rín pa mí. Mo ní kí ni ẹgbẹ́ tó ń jà fún ìṣẹ̀ṣe fẹ́ fi ọ̀rọ̀ sinimá ṣe? Ṣùgbọ́n mo rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìpàdé tó kọjá. Ẹnìkan béèrè pé nínú àwọn sinimá àtijọ́, èwo ni olúkúlùkù fẹ́ràn jù, ọ̀rọ̀ náà sì di ariwo. Ọ̀kan ní kò sí èyí tó dà bí Ìjà Òmìnira. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀dọ́ wa ní Ṣaworoidẹ ni òun mọ̀. Ìyá wa kan ní Ọ̀run Móoru ni tàwọn, nítorí pé ọjọ́ tí àwọn àti ọkọ àwọn lọ wò ó ni àwọn kọ́kọ́ rí i kí bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Mo ṣàkíyèsí pé kò sí ẹni tó yin àwòrán tàbí iná tàbí aṣọ. Olúkúlùkù ń sọ ìtàn ara rẹ̀ ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò lónìí nìyẹn: kí ló dé tí ènìyàn fi ń di sinimá àtijọ́ kan mú, tí yóò máa pè é ní tèmi? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi.

Ayé ni tèmi, èyí tí Olóyè Hubert Ògúndé gbé jáde ní 1979, tí Ọlá Balógun sì darí rẹ̀.

Ìjẹ̀bú-Igbó ni mo dàgbà sí, lọ́dọ̀ àwọn òbí bàbá mi. Babaláwo ni bàbá wa àgbà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 tí mò ń sọ yìí, ilé tí wọ́n ti ń dá Ifá ní gbangba kò pọ̀ mọ́ ní àdúgbò wa. Àwọn ènìyàn ń wá sọ́dọ̀ bàbá, ṣùgbọ́n òru ni wọ́n ń wá. Ẹni tó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé lálẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí a bá pàdé rẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, yóò gbójú kúrò lára bàbá bí ẹni tí kò mọ̀ wọ́n rí. Bàbá kì í bínú. Wọ́n á ní ẹni tó bá ṣáà ti mọ ọ̀nà ilé, kò burú.

Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ gbé ẹ̀rọ sinimá wọ ìlú. Wọ́n ń fi gbohùngbohùn polongo kiri pé eré Ògúndé dé. Nígbà tí alẹ́ lẹ́, wọ́n ta aṣọ funfun sí ara ògiri gbọ̀ngàn, ẹ̀rọ amúnáwá ń kùn lẹ́yìn ilé, èrò sì kún débi pé àwa ọmọdé jókòó sílẹ̀ níwájú, ọrùn wa gbé sókè. Bàbá mú mi dání. Mi ò mọ ohun tó mú wọn lọ, nítorí wọn kì í lọ síbi àríyá.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wo Ayé mọ̀ pé babaláwo ló ń gba ìlú sílẹ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀ṣẹ́tùúrá ni orúkọ rẹ̀, Ògúndé fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Nígbà tí Ọ̀ṣẹ́tùúrá yọ, tó la ẹnu tó bẹ̀rẹ̀ sí í pe ohùn sí àwọn tó fẹ́ pa ìlú run, gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Wọ́n ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń hó. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé. Òun gan-an ló ń pàtẹ́wọ́ jù. Mo wo bàbá. Wọn kò pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn fi ọwọ́ méjèèjì di orí ọ̀pá wọn mú. Nígbà tí à ń padà sílé, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n sọ. Wọ́n ní, "Wọ́n rí wa lónìí."

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá gbé ọpọ́n Ifá kúrò ní yàrá, wọ́n gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú ilé. Ibẹ̀ ló wà títí wọ́n fi wàjà.

Ìdí kìíní tí ènìyàn fi ń fẹ́ràn sinimá àtijọ́ nìyẹn: ó rí ara rẹ̀ níbẹ̀, tàbí ó rí ẹni rẹ̀. Ẹ wo ẹni tó ṣe Ayé fún wa. Ọmọ Òsosà nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde ni Ògúndé. Ó ti ṣe tíṣà, ó ti ṣe ọlọ́pàá. Eré tó kọ́kọ́ gbé jáde ní 1944, ìjọ Aládùúrà kan ní Èbúté-Mẹ́ta ló ṣe é fún, ìtàn ọgbà Ídẹ́nì ló sì dá lé. Lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì, òun kan náà ló wọ aṣọ babaláwo níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, tó sì fi iyì wọ̀ ọ́. Kò fi babaláwo ṣe yẹ̀yẹ́, kò sì sọ ọ́ di ẹhànnà tó ń gbọ̀n jìgìjìgì nínú aṣọ pupa. Nígbà tó yá, tí fídíò gbòde, ọ̀pọ̀ eré ni babaláwo ti di aṣebi tí pásítọ̀ yóò wá ṣẹ́gun rẹ̀ kí eré tó parí. Ẹni tó bá dàgbà sínú irú eré bẹ́ẹ̀ kò lè mọ ohun tí bàbá mi rí nínú gbọ̀ngàn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìdí kejì ni ohùn. Àwọn tó ṣe àwọn sinimá ìgbà náà, inú agbo eré alárìnkiri ni wọ́n ti wá. Wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún rìn láti ìlú dé ìlú, wọ́n ti jókòó ti onírárà, oníjàálá àti onílù kí wọ́n tó dé iwájú ẹ̀rọ. Ní 1976 tí Àjàní Ògún jáde, Dúró Ládípọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú Adé Afọláyàn tí gbogbo wa mọ̀ sí Adé Love. Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni Dúró Ládípọ̀ kú. Ẹni tí kò bá a láyé lè gbọ́ ọ lónìí, kó sì rí bí ẹni tó ti ṣe Ọba Kòso kárí ayé ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. Ìjà Òmìnira tí ọ̀kan nínú yín yàn, inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn-Ẹṣin, ni wọ́n ti yọ ọ́. Yorùbá inú rẹ̀ kò sá fún ẹnikẹ́ni. Bí àwọn ọmọ wa bá ń bi wá pé kí ni ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ yìí, kí ni wọ́n ń pe nǹkan yẹn, iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ìdí kẹta ni èyí tí ọ̀dọ́ wa tó yan Ṣaworoidẹ fi yé mi. Ó ní nígbà tí òun wo eré Túndé Kèlání yìí ni òun kọ́kọ́ mọ̀ pé àṣà lè jẹ́ òfin. Ní ìlú Jógbò, ọba kò gbọ́dọ̀ jẹ láìsín gbẹ́rẹ́, nítorí gbẹ́rẹ́ náà ló so òun, adé àti ìlù pọ̀. Lápité kọ̀ kí wọ́n sín in fún òun, torí ó fẹ́ jẹ ìlú ní àjẹtẹ́rùn. Nígbà tí ológun sì gbàjọba lọ́wọ́ rẹ̀ tó fẹ́ dé adé, ìlù dún, adé sì pa á. Ọdún 1999 ni Ṣaworoidẹ jáde, ọdún tí àwọn ológun gbéjọba sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Akínwùmí Ìṣọ̀lá tó kọ ọ́ kò nílò láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ọmọ yìí ní láti ìgbà náà, bí òun bá gbọ́ tí ẹnìkan ní ìgbàgbọ́ àwọn baba wa kò ní ìlànà, òun kì í bá a jiyàn. Òun á ní kó lọ wo Ṣaworoidẹ.

Ṣùgbọ́n mi ò ní í fi ìdajì òtítọ́ kí yín. Ọ̀rọ̀ Ayé nílé wa kò parí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá.

Ìyá wa àgbà ń ta ẹ̀kọ. Ẹ̀yìn wọn ti tẹ̀, irun wọn ti funfun, wọn kì í sì í tètè sùn. Àwọn àjẹ́ inú Ayé, obìnrin ni wọ́n. Kò pẹ́ lẹ́yìn sinimá náà tí àwọn ọmọ àdúgbò fi bẹ̀rẹ̀ sí í dúró lókèèrè bí ìyá bá ń kọjá. Wọ́n á ké bí ẹyẹ, wọ́n á sì sá lọ. Àwọn ìyá wọn kò bá wọn wí. Ẹ̀kọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́kù sínú agbọ̀n. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ìyá pè mí, wọ́n ní, "Kí ni wọ́n fi hàn yín níbẹ̀ gan-an?" Mi ò lè dá wọn lóhùn. Èmi náà ti bá àwọn ọmọ yẹn ké lẹ́ẹ̀kan.

Sinimá kan náà, ilé kan náà: ó gbé ọpọ́n bàbá jáde sí gbangba, ó sì ti agbọ̀n ìyá sẹ́yìn. A mọ̀ nínú ẹgbẹ́ yìí pé agbára àwọn ìyá wa kì í ṣe ibi lásán. Bí ó bá jẹ́ ibi lásán ni, àwọn ará Kétu kì bá tí máa gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde láti fi yẹ́ wọn sí, láti fi bẹ̀ wọ́n kí ìlú lè tòrò. Ìdajì ọ̀rọ̀ ni Ayé mú. Kì í sì í ṣe òun nìkan. Ẹfúnṣetán Aníwúrà tí wọ́n sọ di sinimá ní 1981, ìkà obìnrin ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ìyálóde Ìbàdàn ni, oníṣòwò ńlá tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo kú sórí ìkúnlẹ̀, tí àwọn alágbára ìlú sì jẹ́ kí wọ́n pa ní 1874. Ẹni tó mọ èyí yóò wo sinimá náà pẹ̀lú ojú mìíràn.

Ṣé kí á wá jù wọ́n nù? Rárá. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ohun tí a fẹ́ràn kò ní láti pé kí á tó fẹ́ràn rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a bá fẹ́ràn rẹ̀ lóòótọ́, a ó sọ ibi tó kù sí. Èmi ṣì ń pe Ayé ní tèmi. Mò ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí bàbá, mo sì ń sọ ti ìyá mọ́ ọn nígbàkígbà tí mo bá ń sọ ọ́.

Iṣẹ́ wà nílẹ̀ fún wa. Fíìmù tí wọ́n fi ya àwọn eré wọ̀nyí, èyí tí wọ́n ń ká sínú agolo, ooru àti ọ̀rinrin ilẹ̀ wa ń jẹ ẹ́. Òkè òkun ni wọ́n ti máa ń fọ ọ̀pọ̀ wọn. Àwọn olè tó ń da iṣẹ́ oníṣẹ́ kọ sórí kásẹ́ẹ̀tì náà sì ṣe tiwọn. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe jí Ọ̀run Móoru dà kọ, tí Bàbá Sàlá tó pa gbogbo ìlú lẹ́rìn-ín sì jókòó ti gbèsè. Nítorí náà, mo bẹ̀bẹ̀ ohun mẹ́ta. Èkíní, bí kásẹ́ẹ̀tì àtijọ́ bá wà nínú àpótí nílé yín, ẹ má dà á nù. Ẹ mú un wá kí á tọ́jú rẹ̀, kí á sì wá àwọn ẹbí tó ni iṣẹ́ náà láti tọrọ àṣẹ kí á tó dà á kọ. Èkejì, àwọn àgbà tó wà nínú agbo eré nígbà náà kò pọ̀ mọ́. Ẹ jẹ́ kí á gba ohùn wọn sílẹ̀: ta ló lu ìlù, ta ló kọ́ wọn ní ọfọ̀, ìlú wo ni wọ́n ti yà á. Ẹ̀kẹta, ẹ máa jókòó ti àwọn ọmọ yín bí wọ́n bá ń wò ó. Bí ó bá kan ibi tí wọ́n ti ń fi ìyá arúgbó hàn bí àjẹ́, ẹ dá a dúró, kí ẹ bá wọn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó bá mi sọ̀rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ tèmi.

Lọ́dún tó kọjá, mo tún wo Ayé lórí fóònù mi. Ara kásẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ni wọ́n ti dà á kọ, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí, ibì kan wà tí ojú Ọ̀ṣẹ́tùúrá fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ ń jáde. Ọmọ mi obìnrin tó jókòó tì mí béèrè pé, "Bàbá, ṣé bí bàbá yín àgbà ṣe rí nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sì sọ ti ẹ̀kọ fún un.

Ó tó gẹ́ẹ́ lẹ́nu mi. Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ tiyín báyìí. Ìyá wa tó yan Ọ̀run Móoru, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ bọ́ síwájú.

Àbọrú, àbọyè.