Ìdẹ̀rùn àti Ìfọkànbalẹ̀



Bí a bá ní ayé dẹrùn fún ẹnìkan, ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àti mọ́tò ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń wò. A kò kẹ́gàn wọn. Ebi kì í jẹ́ kí ara tu ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ìdẹ̀rùn tí àwa ń sọ ni pé kí ènìyàn lè jókòó láàrin àwọn ará ilé rẹ̀ láìní ohun tí ó ń fi pamọ́.

Ẹ rántí àwọn ará wa tí ó wà ní Gáná. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàrin ọjọ́ 14, tàbí kí ó kúrò. Àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho àti ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń ṣòwò ní Kùmásì àti Tàmálè láti ọjọ́ pípẹ́ fi ìsọ̀ àti ilé sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ wọn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáradára. Ẹni tí ó lè pàtẹ ọjà kékeré síwájú ilé bàbá rẹ̀ láìtijú nígbà náà, òun ni àwa yóò pè ní ẹni tí ara tù, kì í ṣe ẹni tí ó yá owó kí ó lè wọ̀lú bí ọlọ́rọ̀.

Àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Lónìí, àjò kò dùn mọ́ àwọn mìíràn, síbẹ̀ wọn kò lè relé. Ẹni tí ń tọ́jú arúgbó ní Lọ́ńdọ̀nù, iṣẹ́ ọmọlúàbí ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n nítorí pé kò tíì kọ́lé, ìyá rẹ̀ kò rí i sójú. Ẹ̀bi rẹ̀ nìkan kọ́. Àwa náà ni a ń ké iye owó tí olúkúlùkù dá sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìpàdé, tí a ń pàtẹ́wọ́ fún ọ̀kan, tí èkejì sì ń sorí kọ́. (Olùkọ́ ni wá, ẹ mọ apá ibi tí orúkọ tiwa máa ń wà.)

Nítorí náà, a dá a lábàá pé kí akọ̀wé máa ka orúkọ àwọn tí ó dáwó, kí ó má ka iye rẹ̀ mọ́. Akápò lè sọ pé owó yóò dínkù. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. A bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kí ìpàdé jíròrò rẹ̀ kí a tó tú ká.