Wàláà Ìyàwòrán: Èwo ni Kí Baba Rà fún Ọmọ Rẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣù ẹgbẹ́

Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó ni, àti ọ̀rọ̀ ọwọ́. Ní Mọníyà, ní Ìyànà Ọfà, ní Ẹgbẹ́dá àti ní Àkànrán, àwọn ọ̀dọ́ tí Ọlọ́run fi ẹ̀bùn ọnà jíǹkí ń tọ baba wọn lọ pé kí wọ́n ra wàláà ìyàwòrán fún àwọn, èyí tí àwọn fúnra wọn ń pè ní tábúlẹ́ẹ̀tì. Baba kò mọ ohun tí a ń pè bẹ́ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé owó kòkó tàbí owó gààrí tí a fi pamọ́ fún ohun mìíràn ni ọmọ ń béèrè. Bí baba bá kọ̀, ó lè pa ẹ̀bùn ọmọ náà. Bí ó bá sì ra èyí tí kò yẹ, owó ti ṣègbé. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè: ọmọ mọ ẹ̀rọ, kò ní owó, baba ní owó, kò mọ ẹ̀rọ. Nítorí náà ni a ṣe rò pé ó tọ́ kí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ ìkọ́ni là á yé yín.

Ohun èlò yìí jọ wàláà tí àwọn ọmọ ilé-kéú ń kọ̀wé sí. Ó pẹlẹbẹ bákan náà, ṣùgbọ́n kò gba tàdáwà. A ó fi okùn so ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bí ọmọ bá sì ń fi gègé rẹ̀ fa ìlà lórí wàláà, ìlà náà yóò máa hàn lójú kọ̀ǹpútà. Bí ó bá tẹ gègé mọ́lẹ̀, ìlà a nípọn. Bí ó bá fọwọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ fà á, ìlà a tín-ín-rín. Máòsì tí a ń lò nínú ọ́fíìsì kò lè ṣe èyí. Ẹni tí ó ń fi máòsì yàwòrán dàbí ẹni tí ó di òkúta mú tí ó fẹ́ fi kọ lẹ́tà.

Kì í sì í ṣe àwòrán nìkan. Wọ́n ń gbẹ́ ère nínú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú, ibí yìí ni ọ̀rọ̀ náà sì gbé kàn wá jù. Ẹ jẹ́ kí a rántí Olóògbé Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ẹni tí ó kú ní ọdún 2009. Ìdílé agbẹ́gilére ni a bí i sí. Síbẹ̀ ní ọdún 1949 ó tún lọ kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ George Bándélé, ọmọ Aréògún, ní ilé-iṣẹ́ ọnà tí Fadá Kevin Carroll ń bójú tó ní Ọyẹ́-Èkìtì. Fadá náà kọ ọ́ sínú ìwé pé ipele mẹ́rin ni iṣẹ́ àwọn agbẹ́gilére wa ní. Èkíní ni ọnà lílé, tí í ṣe fífi àáké la igi títí ara ère yóò fi hàn; lẹ́yìn rẹ̀ ni alétúnlé, níbi tí ojú, etí àti ọwọ́ ti ń yà sọ́tọ̀; lẹ́yìn náà dídán; ìkẹyìn ni fínfín, níbi tí ọ̀bẹ ti ń fa ilà ojú àti irun.

Ipele mẹ́rin wọ̀nyí gan-an ni ẹni tí ó ń gbẹ́ ère nínú kọ̀ǹpútà ń tọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara ìṣù kan tí ó dàbí ìṣù amọ̀, ó ń tì í, ó ń fà á. Ó ń pín ojú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ó ń dán an. Ó sì ń fín in. Ìyàtọ̀ kan ni pé igi tí a bá gé jù kò ṣeé lẹ̀ padà, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà a máa dá ohun tí a gé padà. (Àwọn àgbà nínú iṣẹ́ náà lè wí pé èyí ni yóò ba ọwọ́ àwọn ọmọ jẹ́, a kò ní bá wọn jiyàn.) Àǹfààní ńlá sì wà níbẹ̀: ètò kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní Blender, tí wọ́n fi ń gbẹ́ ère, ti di ọ̀fẹ́ fún gbogbo ayé láti ọdún 2002, ọ̀fẹ́ ni Krita pẹ̀lú, tí wọ́n fi ń yàwòrán. Owó irinṣẹ́ nìkan ni ó kù.

Nípa irinṣẹ́ náà, ọjà kún fún oríṣiríṣi. Òmíràn ní ojú tirẹ̀, tí ọmọ yóò fi máa yàwòrán lórí ohun tí ó ń wò. Òmíràn kò ní ojú rárá. Òmíràn, irú iPad, jẹ́ ẹ̀rọ tí ó dá dúró láìsí kọ̀ǹpútà. Ojú olójú ni àwọn ọ̀dọ́ ń wò, nítorí ó dára lójú. Ìmọ̀ràn tiwa ni pé kí a ra aláìlójú. Iná tí ó ń lò kò tó nǹkan, láti ara kọ̀ǹpútà ni ó sì ti ń gbà á. Bí iná ìlú bá lọ ní Lálùpọn lálẹ́, bátìrì kọ̀ǹpútà alágbèéká yóò máa gbé méjèèjì. Olójú ń fẹ́ iná púpọ̀ jù bẹ́ẹ̀, bí ó bá sì já lulẹ̀, ó lè fọ́. Owó olójú kan lè ra aláìlójú mẹ́ta, kí ẹ̀yin ìjòyè tí ẹ fẹ́ ran ọ̀dọ́ ìlú yín lọ́wọ́ rántí èyí.

Àwọn ọmọ yóò wí pé ó ṣòro kí ojú wà lókè kí ọwọ́ wà nísàlẹ̀. Òótọ́ ni, fún bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣùgbọ́n ta ni ó rí onílù tí ń wo ọ̀pá ìlù rẹ̀?

Ní ti ìwọ̀n, kékeré, tí ó tó ínǹṣì 6 sí 4, tó fún ẹni tí ń gbẹ́ ère, nítorí ọrùn ọwọ́ ni ó ń lò jù. Ẹni tí ń fa ìlà gígùn ń lo apá. Kí ó mú èyí tí ó tó ínǹṣì 10 sí 6. Èyí tí ó ju bẹ́ẹ̀ lọ yóò gba gbogbo tábìlì. Kí a sì ṣètò rẹ̀ kí gígùn àti ìbú rẹ̀ bá ti ojú kọ̀ǹpútà dọ́gba. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, òbírí tí ọmọ yà yóò di ẹyin. Ọmọ alọ́wọ́-òsì kò ní ìṣòro, a lè yí wàláà po fún un. Àwa olùkọ́ ìjelòó tí a ń fi pàṣán lé ọwọ́ òsì ì bá ti ní irú sùúrù ẹ̀rọ yìí!

Gègé ni ẹ̀mí ohun èlò náà. Ilé-iṣẹ́ Wacom ti Jàpáànù, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1983, ni ó sọ gègé tí kò lo bátìrì di olókìkí. Láti inú wàláà ni ó ti ń gba agbára. Lónìí àwọn bíi Huion àti XP-Pen ń ṣe irú rẹ̀ ní owó tí ó kéré sí i. Ẹ má ra èyí tí gègé rẹ̀ ń lo bátìrì. Òǹtajà yóò máa fi nọ́ńbà yangàn, pé gègé yìí mọ ìwọ̀n ìtẹ̀ 8,192, tọ̀hún mọ 16,384; kò sí ọwọ́ ènìyàn tí ó mọ ìyàtọ̀ náà. Kí a béèrè ẹnu gègé tí a ó máa fi pààrọ̀, nítorí ó ń jẹ. Bí ó bá jẹ́ tòkúnbọ̀, kí gègé tirẹ̀ gan-an wà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí gègé ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà ṣiṣẹ́ lórí wàláà òmíràn.

Owó tí ó bá ṣẹ́kù, kọ̀ǹpútà ni kí ó lọ sí. Ère gbígbẹ́ ń jẹ agbára ìrántí ẹ̀rọ. Kí ó má dín ní gígábáìtì 8, 16 sì dára jù. Wàláà olówó ńlá lára kọ̀ǹpútà tí ó ti rẹ̀, gàárì ẹṣin lórí ewúrẹ́ ni. Ẹni tí kò ní ju fóònù Android lọ lè fi yàwòrán bẹ̀rẹ̀, bí páálí wàláà náà bá sọ pé ó gba fóònù. Ṣùgbọ́n kí ó mọ̀ pé bí fóònù bá wà lóòró, apá kékeré nínú wàláà ni ó sábà máa ń ṣiṣẹ́.

Bí baba àti ọmọ bá wá dé ọjà, ìbáà ṣe ní Queen Cinema ní Ìbàdàn tàbí Computer Village ní Ìkẹjà, kí wọ́n ní kí òǹtajà so ó mọ́ ẹ̀rọ níbẹ̀. Kí ọmọ fi gègé kan wàláà fẹ́ẹ́rẹ́ bí eṣinṣin ti í bà lé ara. Bí ìlà kò bá hàn àfi bí ó bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kí wọ́n gbé òmíràn wá. Lẹ́yìn náà kí ó fi rúlà fa ìlà kan láti igun dé igun, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Bí ìlà náà bá ń gbọ̀n bí ọwọ́ arúgbó, kí baba má tíì ka owó.