Ohun Tó Ń Fò Nígbà Tí Wọ́n Bá Tú Ààtàn

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ọjà Ọ̀yìngbò kì í mọ̀ pé ẹnì kan ò wá. Èrò ibẹ̀ ló pọ̀. Pàǹtírí ibẹ̀ náà pọ̀: èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ewé ẹ̀fọ́, tòmátì tó ti jẹrà. Ní ọdún 2023, ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti ọjà náà pa fúngbà díẹ̀ nítorí ìdọ̀tí. Bí ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí bá sì ti délẹ̀, òórùn àti eṣinṣin ni àwọn èèyàn máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Èyí tí imú ò gbọ́, tí ojú ò rí, ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yìí wà fún.

Ẹ wo òkìtì tí wọn ò kó fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Bí agbálẹ̀ bá ti ki fọ́ọ̀kì bọ̀ ọ́, tó yí i padà, ooru funfun á rú jáde bí ìgbà tí wọ́n ṣí ìkòkò ọ̀lẹ̀. Kò sẹ́ni tó dáná síbẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ pàǹtírí náà ló mú un gbóná, inú òkìtì ńlá sì lè gbóná tó ìwọ̀n 60 Celsius. Ooru yìí dára, torí òun ló ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn àti irúgbìn èpò kí pàǹtírí tó di ajílẹ̀.

Àmọ́ fọ́ngọ́ọ̀sì kan wà tó máa ń fara da ooru bẹ́ẹ̀: Aspergillus fumigatus, ẹbí ohun tó máa ń bo búrẹ́dì tó bá ti bu. Hóró rẹ̀ kéré débi pé ogún rẹ̀ lè tò sórí ìbú fọ́nrán irun kan. Wọ́n á bá ooru náà gòkè, wọ́n á gba imú kọjá, ó di inú ẹ̀dọ̀fóró. Ara tó le máa ń ṣẹ́gun wọn. Ní ti ẹni tó ní ásímà, wọ́n lè gbé àìsàn náà dìde. Ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti dá ihò sí lẹ́dọ̀fóró ló wà nínú ewu jù, torí inú ihò yẹn gan-an ni fọ́ngọ́ọ̀sì náà máa ń fi ṣe ilé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òkèèrè. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rita Oladele ti ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn Yunifásítì Èkó àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ aláìsàn 208 wò lára àwọn tí wọ́n ń tọ́jú fún ikọ́ ẹ̀gbẹ ní Nàìjíríà. Nínú ìwádìí náà, tó jáde ní 2017, àwọn 18 ló ní àrùn Aspergillus nínú ẹ̀dọ̀fóró. Ikọ́, rírù, kí èèyàn máa wúkọ́ ẹ̀jẹ̀: àmì àrùn méjèèjì jọra, oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ kò sì ran fọ́ngọ́ọ̀sì. Ẹnikẹ́ni ò sọ pé ààtàn ló kó o ràn wọ́n, nítorí ibi gbogbo ni hóró rẹ̀ ń fò dé. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti ń tú òkìtì ni ó ti ń pọ̀ jù. Ní October 2022, Àjọ Ìlera Àgbáyé ka Aspergillus fumigatus mọ́ fọ́ngọ́ọ̀sì mẹ́rin tó léwu jù.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ tí kò bá jìnnà tó 250 mítà sí ilé tàbí ibi iṣẹ́ àwọn ẹlòmíì gbọ́dọ̀ fi hàn pé òun á kápá ohun tó ń fò. Ní ọjà tiwa, ìsọ̀ ẹlẹ́fọ̀ọ́ àti ààtàn fẹ́rẹ̀ẹ́ máa fara kanra.

Èyí kò sọ ajílẹ̀ di ọ̀tá. Ètò tí wọ́n ṣe fún ilé iṣẹ́ ajílẹ̀ Ìkòròdú ni pé kó máa gba pàǹtírí 1,500 tọ́ọ̀nù lójúmọ́, ó sì sàn kí ẹ̀fọ́ di ajílẹ̀ ju kó jẹrà ní ààtàn Olúṣòsùn lọ. Kí wọ́n kó o kúrò lọ́jà kó tó gbóná ni. Kí wọ́n wọ́n omi sí i kí wọ́n tó tú u. Kí wọ́n fún agbálẹ̀ ní ìbòmú N95, nítorí aṣọ lásán ò lè dá hóró yẹn dúró.

Ọjà ò ní mọ̀ pé agbálẹ̀ kan ò wá. Nítorí náà, ẹni tó bá ti lo oògùn ikọ́ ẹ̀gbẹ tí ikọ́ ò lọ, kó sọ irú iṣẹ́ tó ń ṣe fún dókítà, kó sì bèèrè pé kí wọ́n yẹ òun wò fún fọ́ngọ́ọ̀sì.