Ta Ló Kọ́kọ́ Pe Ìjẹ̀bú ní Ahun?



Ta ni nínú wa tí kò gbọ́ ẹ̀fẹ̀ Ìjẹ̀bú rí? Wọ́n á ní bí Ìjẹ̀bú bá gbàlejò, ìgbà tó bá palẹ̀ abọ́ mọ́ tán ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ bi àlejò pé ṣé ó ti jẹun. Ohun tí mo ń bi yín lónìí ni pé, ta ló kọ́kọ́ sọ ọ́, kí ló sì ń dùn ún?

Kí òyìnbó tó kógun ja Ìjẹ̀bú ní 1892, ọwọ́ àwọn Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà láti etí ọ̀sà dé ilẹ̀ òkè wà. Iyọ̀, aṣọ, ìbọn àti ẹ̀tù ń gba ọ̀dọ̀ wọn gòkè; epo pupa ń gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀. Ọlọ́kọ̀ Èkó á já ẹrù sí ọjà Ejìnrìn, ibẹ̀ náà ni yóò ti padà sílé. Wọn kì í fẹ́ kí oníṣòwò Ìbàdàn kọjá lọ ra ọjà fúnra rẹ̀. Iye tí Ìjẹ̀bú bá pe iyọ̀, iye náà ni ará òkè á san. Ẹni tí kò rí ibòmíràn rà á, orúkọ rere wo ni yóò fún ẹni tó ń tà á? Lójú tèmi, ẹnu oníbàárà ni ẹ̀fẹ̀ yìí ti jáde. Ogun 1892 náà, Ogun Ìmágbọ̀n, ṣí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ̀fẹ̀ kò lọ.

Ohun tí wọ́n ń pè ní ahun ńkọ́? Ẹ wo ìyá aláṣọ Ìjẹ̀bú tó ń ka owó nírọ̀lẹ́. Owó ọjà wọ àpò kan, owó ọbẹ̀ wọ òmíràn. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dé, tó ní kó yọ díẹ̀ fún òun nínú owó ọjà, kò ní yọ ọ́, nítorí bó bá yọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, kò ní í rí ọjà rà mọ́. Ẹ̀gbọ́n á sì jáde lọ pè é ní ahun.

Ahun wo ló ń náwó báyìí? Ní ọjọ́ kẹta lẹ́yìn Iléyá, ẹ dé ibi àjọ̀dún Ojúde Ọba n'Íjẹ̀bú-Òde. Regbérégbé kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ojúgbà, á yọ nínú aṣọ ẹgbẹ́ tirẹ̀, àwọn ìdílé balógun á yọ lórí ẹṣin tí wọ́n ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ láti orí dé ìrù. Ẹ yà sílé wọn lẹ́yìn náà, kí ẹ jẹ ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja àti edé kún inú rẹ̀.

Kì í ṣe Ìjẹ̀bú nìkan. Ní Scotland, ará Aberdeen ni wọ́n ń bá ṣe irú ẹ̀fẹ̀ yìí. Ní Bùlùgáríà, ará Gabrovo ni, ìlú oníṣẹ́-ọwọ́ àti ahunṣọ. Wọ́n ní wọ́n máa ń gé ìrù ológbò níbẹ̀, kí ilẹ̀kùn lè tètè padé lẹ́yìn rẹ̀ nígbà òtútù, kí ooru ilé má baà ṣòfò. Ará Gabrovo gba ẹ̀fẹ̀ náà mọ́ra, wọ́n ń fẹnu ara wọn sọ ọ́, ìlú wọn sì ní ilé ńlá kan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀fẹ̀, tí wọ́n ṣí ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹrin 1972.

Tiwa yàtọ̀. Ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́ mọ́ Ìjẹ̀bú, kì í sì í parí sídìí ayò. Ó ń wọ yàrá tí ìdílé ti ń ṣèwádìí ọkọ ọmọ wọn. Wọn ò tíì bi ọmọkùnrin náà níṣẹ́ tó ń ṣe, wọn ò tíì wo bó ṣe ń ṣe sí ìyá rẹ̀, ẹnì kan á ti ní, "Ìjẹ̀bú kẹ̀? Ebi á pa ọmọ wa o." Níbẹ̀ yẹn, ẹ̀fẹ̀ ti di ìdájọ́, mo sì lòdì sí i pátápátá.